Òpó ẹ̀jẹ̀ kan, àléébù méjì tó takora: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ lórí ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù nínú ọpọlọ eku oní-CADASIL

Wọ́n kun eku kan lóorun, wọ́n sì tan iná lésà sí ibi tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń mọ ohun tí irunmú rẹ̀ bá fara kàn. Bí eku yìí bá jẹ́ eku tí ara rẹ̀ dá, tí a sì ń gbọ̀n irunmú rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á ti rọ́ lọ síbẹ̀. Ti eku yìí, tí wọ́n fún ní CADASIL, àrùn àjogúnbá tó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré inú ọpọlọ jẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ, àmọ́ kò tó. Wọ́n wá yọ òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré kan láti inú ọpọlọ eku tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, wọ́n fi í sẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì gíláàsì, wọ́n sì fi ìfúnpá kún inú rẹ̀. Òpó náà kò fún bó ṣe yẹ. Ó fẹ̀ ju ti eku aláìlárùn lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Òpó tó fẹ̀ ló yẹ kó gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kò fi tó nígbà tí ọpọlọ bèèrè fún un?

Ìdáhùn jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 2015 sí 2021, ní pàtàkì láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí Fabrice Dabertrand, Mark Nelson, Anne Joutel àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Àléébù méjì ló wà nínú òpó kan náà, pọtásíọ̀mù ló sì wà nídìí méjèèjì. Nínú iṣan tó yí òpó kékeré ká, ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù, ìyẹn ihò kékeré lára sẹ́ẹ̀lì tí pọtásíọ̀mù ń gbà kọjá, pọ̀ jù. Nínú kapílárì, ìyẹn àwọn òpó tó tín-ín-rín ju irun lọ tó wà níwájú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù mìíràn wà níkàlẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Oògùn tó bá kàn ń ṣí ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù láìyan èyí tó fẹ́ á ran èkejì lọ́wọ́, á sì ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ sí i. Èyí tó bá ń dí wọn á ṣe òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi yẹ kí a tú wò fínnífínní.

Àrùn náà àti eku rẹ̀

Láti 1993 ni wọ́n ti ń pe àrùn yìí ní CADASIL. Ní 1996, àwọn olùwádìí ní Faransé fi hàn pé jíìnì NOTCH3, tó wà lórí krómósómù 19, ló ń fà á. Àjogúnbá ni, ọmọ tí òbí kan ṣoṣo rẹ̀ bá ní in lè jogún rẹ̀, bóyá-bẹ́ẹ̀-ni-bóyá-bẹ́ẹ̀-kọ́ ni. Ẹ̀fọ́rí tùúlu tó máa ń bá ìmọ́lẹ̀ ṣíṣẹ́jú wá ló sábà máa ń ṣíwájú, lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹni náà tó pé ogójì ọdún. Rọpárọsẹ̀ kéékèèké á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni iyè á bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ìgbàgbé kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Ìyára ìrònú ló ń lọ ṣáájú. Ẹni náà mọ ìdáhùn, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó bá a. Títo ètò, fífi ọkàn sí nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, yíyí ọkàn kúrò lórí iṣẹ́ kan bọ́ sórí òmíràn, gbogbo rẹ̀ á di ẹrù. Ohun tó jọ ìdí rẹ̀ ni pé apá funfun ọpọlọ, níbi tí okùn tó so ibì kan mọ́ ibòmíràn pọ̀ sí, ni àwọn òpó gígùn tó tín-ín-rín ń bọ́. Ìpẹ̀kun ọ̀nà ni ó wà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti apá eérú láti ilẹ̀.

Purotéènì tí NOTCH3 ń ṣe wà lára sẹ́ẹ̀lì iṣan òpó ẹ̀jẹ̀. Apá rẹ̀ tó yọ síta ní ẹ̀ka 34 tó jọra, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní cysteine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì, mẹ́fà tó so mọ́ ara wọn ní méjìméjì. Bí àṣìṣe jíìnì bá fi ọ̀kan kún un tàbí tó yọ ọ̀kan, ọ̀kan á ṣẹ́kù láìní ẹnìkejì, purotéènì náà á sì máa so mọ́ ohun tí kò yẹ. Apá ìta náà á wá máa kó jọ sára òpó, á sì máa dá àwọn purotéènì mìíràn dúró. Ọ̀kan lára àwọn tó ń há síbẹ̀ ni TIMP3. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn.

TgNotch3R169C ni wọ́n ń pe eku náà. Ilé ìwádìí Joutel ní Paris ló kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2010. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìdarí ẹ̀jẹ̀ máa ń bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí apá funfun tó bàjẹ́, nítorí náà a lè rí ohun tó ṣíwájú. Eku tí a ó fi wé e kì í ṣe eku lásán. TgNotch3WT ni, èyí tí wọ́n fún ní NOTCH3 tó pé ní àpọ̀jù. Bí a bá fi eku lásán wé e, a kò ní mọ̀ bóyá àṣìṣe jíìnì ló fa ohun tí a rí tàbí àpọ̀jù purotéènì nìkan.

Ìṣirò kékeré kan kí a tó wọlé

Nínú sẹ́ẹ̀lì, pọtásíọ̀mù tó nǹkan bí 140 mM. Ní ìta rẹ̀, nínú omi ọpọlọ, 3 mM ni. Ní 37°C, fólítéèjì tí pọtásíọ̀mù ń fa sẹ́ẹ̀lì lọ bá jẹ́ 61.5 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú log ti iye ìta lórí iye inú. Bí ìta bá jẹ́ 3 mM, a ó rí −103 mV. Bó bá di 10 mM, −70 mV ni. Bó bá di 20 mM, −52 mV. Bó bá di 60 mM, −23 mV.

Iṣan òpó kékeré tó wà lábẹ́ ìfúnpá máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ −40 mV. Níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù CaV1.2 ń ṣí díẹ̀díẹ̀, kálísíọ̀mù ń wọlé, iṣan sì fún. Ohunkóhun tó bá fa fólítéèjì náà sísàlẹ̀ sí −50 tàbí −60 á ti CaV1.2, òpó á sì fẹ̀. Ẹ wo 10 mM lẹ́ẹ̀kan sí i: −70 wà nísàlẹ̀ −40, nítorí náà ìwọ̀nba pọtásíọ̀mù tó pọ̀ sí i níta ń mú òpó fẹ̀. Ní 60 mM, −23 ti wà lókè −40, òpó á fún. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rò pé ìtakora ni. Ìṣirò lásán ni.

Ìbú òpó kò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Agbára kẹrin rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé: bí ìbú bá dín ní 10%, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá á dín ní nǹkan bí 34%.

Bí wọ́n ṣe ń dán òpó náà wò

Òpó tó wọnú ẹran ọpọlọ lábẹ́ ibi tí òpó ńlá àárín ń bọ́ ni wọ́n ń yọ, nínú omi tútù 4°C, lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìlà iṣan kan ṣoṣo ló yí i ká. Wọ́n á fi òpin rẹ̀ kan sí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì, wọ́n á di òpin kejì pa, wọ́n á sì gbé ìfúnpá sí 40 mmHg. Omi tó ń ṣàn kọjá lára rẹ̀ ní NaCl 125 mM, KCl 3, NaHCO₃ 26, NaH₂PO₄ 1.25, MgCl₂ 1, CaCl₂ 2 àti glucose 4. Ó wà ní 36 sí 37°C, afẹ́fẹ́ tó ní CO₂ 5% sì ń hó nínú rẹ̀.

Kí a tó gba òpó gbọ́, ohun mẹ́ta la ó wò. Ṣé ó ń jò? A ó ti ẹnu ìfúnpá pa fún ìgbà díẹ̀. Bí ìbú bá ń lọ sílẹ̀, ẹ̀ka kan ti já níbì kan, kí a jù ú nù. Ṣé ó ń fún fúnra rẹ̀? Bí a bá ti gbé ìfúnpá àti ooru síbi tó yẹ, ó yẹ kó fún láìfi oògùn sí i. Ṣé awọ inú rẹ̀ ṣì wà láàyè? NS309 ní 1 µM, tó ń ṣí ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SK àti IK nínú awọ inú, yẹ kó mú un fẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ kóró kan tó bá gba inú òpó kọjá ti tó láti hó awọ inú náà kúrò. Òpó á ṣì máa fún dáadáa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sì ní mọ̀ àfi tó bá dán NS309 wò.

Ní ìparí, wọ́n á yọ kálísíọ̀mù kúrò nínú omi pátápátá, wọ́n á fi EGTA, tó ń di kálísíọ̀mù mú, àti diltiazem, tó ń dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, sí i, kí òpó lè fẹ̀ dé òpin. Ìyàtọ̀ láàárín ìbú yìí àti ìbú tó fún, tí a pín pẹ̀lú ìbú òpin, ni agbára ìfún rẹ̀.

Àléébù àkọ́kọ́: Kv1 pọ̀ jù

Agbára ìfún òpó eku oní-CADASIL kéré. Fólítéèjì iṣan rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ti eku àfiwé lọ. Nígbà tí wọ́n fi oògùn 4-aminopyridine 1 mM dí Kv, ìyẹn àwọn ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù tí fólítéèjì ń ṣí, tí Kv1 wà lára wọn, òpó náà fún padà. Wọ́n wá mú sẹ́ẹ̀lì iṣan kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi paxilline 1 µM dí BK, ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù mìíràn, kó má baà da ìṣirò rú, wọ́n sì wọn iná tó ń gba Kv kọjá. Ó pọ̀. Àwọn ẹnu ọ̀nà náà fúnra wọn kò yí ìṣesí padà. Iye wọn lórí awọ sẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ sí i. Ní 2015 ni èyí jáde.

Iṣẹ́ ìjánu ni Kv máa ń ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá wà létòlétò. Bí iṣan bá ń fún jù, Kv á ṣí, á fà á padà. Nínú àrùn yìí, ìjánu náà kò tú mọ́.

TIMP3 tó há sára òpó ló fà á. Nígbà tí ara dá, ẹ́ńsáìmù ADAM17 ń gé purotéènì aránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ HB-EGF kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. HB-EGF tó ti dá dúró á lọ bá EGFR, ohun tó ń gba ìránṣẹ́ rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì. EGFR á sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fa díẹ̀ lára Kv1 wọnú. Bí TIMP3 bá ti ADAM17 mọ́lẹ̀, HB-EGF kò ní dá dúró, Kv1 kò sì ní wọnú mọ́. Wọ́n fi HB-EGF tó ti dá dúró sí omi òpó aláìsàn, agbára ìfún padà bọ̀. ADAM17 náà ṣe é. Èyí ni apá tó dùn mọ́ni jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tó ń kó jọ ní ìta sẹ́ẹ̀lì, tí gbogbo èèyàn ń rò pé ìdọ̀tí lásán ni, ló ń pinnu iye ẹnu ọ̀nà tó wà lórí awọ.

Òpó tó ti fẹ̀ tán kò ní ibi tó ń fẹ̀ sí mọ́. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, kò lè fẹ̀ sí i láti bo àìtó náà. Èyí ṣàlàyé ìdajì ọ̀rọ̀. Kò ṣàlàyé ìdí tí irunmú kò fi lè pe ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó.

Àléébù kejì: Kir2.1 tó wà níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́

Ní 2017, Thomas Longden, Nelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé kapílárì ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ìpè. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́, ó ń tú pọtásíọ̀mù síta. Iye tó wà láyìíká kapílárì á gòkè láti 3, Kir2.1, ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù tó wà lára awọ kapílárì, á ṣí, fólítéèjì á já wálẹ̀, ìjáwálẹ̀ náà á sì gba ara sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì lọ sókè títí dé òpó kékeré, á sì mú iṣan rẹ̀ dẹ̀. Ìyára rẹ̀ tó 2 mílímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ kò nílò láti wà nítòsí òpó. Kapílárì ni wáyà rẹ̀.

Láti dán èyí wò, wọ́n yọ òpó kékeré tí kapílárì rẹ̀ ṣì so mọ́ ọn, wọ́n fi pípẹ́ẹ̀tì kejì tẹ òpin kapílárì mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta tu omi oní-pọtásíọ̀mù 10 mM sí orí kapílárì nìkan. Nínú eku tí ara rẹ̀ dá, òpó tó wà lókè á fẹ̀. Nínú eku oní-CADASIL, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ bó ṣe yẹ. Iná tó ń gba Kir2.1 kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì kapílárì ti dín ní nǹkan bí ìdajì.

Ìyàtọ̀ pàtàkì sí àléébù àkọ́kọ́ nìyí: wọ́n fi ọ̀rá kékeré kan tó ń jẹ́ PIP2 sínú sẹ́ẹ̀lì náà, Kir2.1 sì jí. Ẹnu ọ̀nà yìí kò lè ṣí láìsí ọ̀rá kékeré yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí awọ. Nínú àrùn yìí, PIP2 ló dín. Nígbà tí wọ́n gún eku náà ní abẹ́rẹ́ PIP2, ìdáhùn ẹ̀jẹ̀ sí irunmú padà sípò. Ní 2021 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kì í ṣe NOTCH3 nìkan ló ń ba ibẹ̀ jẹ́. Nínú eku tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Kir2.1 kapílárì náà ń rọ, ọ̀nà tó gbà wá sì yàtọ̀. Nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, amlodipine dá ìdáhùn irunmú padà; losartan nìkan kò dá a padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mú ìfúnpá wálẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dàrú mọ́ni lọ́wọ́

Òpó tí kò fún kò lè fẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn, síbẹ̀ òun ló ń ba àbájáde jẹ́ jù. Bí a bá fi 10 mM sí òpó oní-CADASIL tí agbára ìfún rẹ̀ ti kéré láti ilẹ̀, ó lè jọ pé Kir2.1 ti kú nígbà tó jẹ́ pé kò sí àyè tó ń fẹ̀ sí. Kí a kọ́kọ́ mú agbára ìfún òpó méjèèjì dọ́gba, pẹ̀lú ìwọ̀nba U46619, oògùn tó ń mú òpó fún, fún àpẹẹrẹ, kí a tó fi wọ́n wéra.

Iṣan òpó kékeré náà ní Kir2.1 tirẹ̀. Nítorí náà, bí omi 10 mM tí a tu sórí kapílárì bá ṣàn kan òpó, òpó á fẹ̀ tààrà, a ó sì rò pé kapílárì ló ránṣẹ́. Ìdarí omi tó ń ṣàn gbọ́dọ̀ kọrí kúrò lápá òpó, kí a sì fi àwọ̀ sínú pípẹ́ẹ̀tì náà láti rí ibi tó dé. Lẹ́yìn ìdánwò, kí a gé kapílárì náà kúrò, kí a tún tu omi síbi kan náà. Bí òpó bá ṣì fẹ̀, jíjò ni.

Barium 30 µM ni a fi ń dí Kir2. Bí omi iyọ̀ bá ní MgSO₄ dípò MgCl₂, sulphate inú rẹ̀ á di barium náà mú, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí iyẹ̀fun funfun tí ojú lè má rí. Àbájáde á wá sọ pé "barium kò ní ipa", irọ́ ni. Nígbà tí a bá gbé KCl láti 3 sí 10, kí a yọ 7 kúrò nínú NaCl, kó má baà jẹ́ pé iyọ̀ tó pọ̀ sí i ni òpó ń dáhùn.

Bí rọ́bà omi bá gùn jù, CO₂ á ti sá lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ òpó, omi á pọ̀ ní alkali, òpó á sì fún ju bó ṣe yẹ. Ibi tí òpó wà ni kí a ti wọn pH, kì í ṣe inú ìgò.

Ní ti wíwọn sẹ́ẹ̀lì kapílárì kọ̀ọ̀kan: ATP ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe PIP2. Bí omi inú pípẹ́ẹ̀tì kò bá ní Mg-ATP, PIP2 á máa tán bí ìṣẹ́jú ti ń lọ, iná Kir2.1 á sì máa rọ nínú eku tí ara rẹ̀ dá pẹ̀lú. Àrùn àti àṣìṣe pípẹ́ẹ̀tì á wá jọ ara wọn. Àkókò kan náà lẹ́yìn wíwọlé sẹ́ẹ̀lì ni kí a máa wọn gbogbo wọn.

Ṣé a lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn?

4-aminopyridine ti wà nínú ilé oògùn. Láti 2010 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún ìrìn àwọn tó ní multiple sclerosis, 10 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹnìkan lè rò pé ó ti bọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú oògùn yẹn kò tó 1 µM rárá, 1 mM ni wọ́n sì lò fún òpó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ. Bí a bá gbé e sókè, gìrì ló máa dé ṣáájú, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà ní Kv. HB-EGF ní tirẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tú irú rẹ̀ sí gbogbo ara ẹni tó máa lò ó fún ọgbọ̀n ọdún, nítorí jẹjẹrẹ. Àwọn oògùn tó ń ṣí KATP, ẹnu ọ̀nà pọtásíọ̀mù mìíràn, bíi minoxidil, á tún fa fólítéèjì iṣan tó ti lọ sílẹ̀ jù wálẹ̀ sí i. PIP2 ló dà bí èyí tó mọ ibi tó ń lọ, nítorí pé Kir2.1 kapílárì ni àìtó rẹ̀ ń pa lára. Inú eku ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà.

Donepezil, oògùn àrùn ìgbàgbé, ni wọ́n ti dán wò fún ìrònú àwọn tó ní CADASIL. Àwọn 168 ló kópa fún ọ̀sẹ̀ 18, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2008. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ìdiwọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdánwò ìyára kan sàn díẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu: oògùn náà kò dojú kọ àléébù òpó.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kó mú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé "tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, iyè á jí" rọra. Ní 2016, wọ́n dín jíìnì Timp3 kù nínú eku oní-CADASIL. Ìdáhùn ẹ̀jẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ inú apá funfun kò dín. Nígbà tí wọ́n dín vitronectin kù, purotéènì mìíràn tó ń há sára òpó, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ọgbẹ́ dín, ìdáhùn ẹ̀jẹ̀ kò padà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dàrú àti ọ̀nà tí apá funfun ń gbà bàjẹ́ má jẹ́ ọ̀kan náà, tàbí kí ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí èkejì tó dé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá máa dán PIP2 tàbí irú rẹ̀ wò lára ènìyàn, ìdiwọ̀n kan kò tó. Kí wọ́n wọn ìdáhùn ẹ̀jẹ̀ sí iṣẹ́ ojú tàbí ọwọ́ nínú MRI. Kí wọ́n wọn ipò apá funfun lọ́tọ̀, pẹ̀lú PSMD, ìdiwọ̀n ìrìn omi nínú rẹ̀ tó bá ìyára ìrònú rìn pọ̀ nínú CADASIL. Kí wọ́n sì fi ìdánwò Trail Making B wo ìyára náà fúnra rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lè yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti kejì àti ìkẹta nílò ọdún.